Ẹ Má Gé Síprìngì Tọ́rótù Yẹn

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún lọ́rọ̀ mi dá lé. Ẹni tó bá ń gun alùpùpù láti Sábó lọ sí Ìmọ̀ta, tó tún gba Ìtóìkín kọjá sí Ẹ̀pẹ́, tó sì tún padà wálé lọ́jọ́ kan náà, mọ ohun tí mò ń wí. Ọwọ́ òsì máa ń rí ìsinmi díẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà là ń fa kíláàṣì tí a fi ń pààrọ̀ jíà. Ọwọ́ ọ̀tún ló di tọ́rótù mú, ìyẹn ibi tí à ń yí kí énjìnnì lè sáré, kò sì gbọdọ̀ tú u sílẹ̀, torí bó bá ti tú u sílẹ̀, iná énjìnnì á wálẹ̀. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìka á ti kú tipiri, ọrùn ọwọ́ á máa ta á. Àwọn ọlọ́kadà kan wà tí kì í lè fi ọwọ́ yẹn bu òkèlè bó ṣe yẹ mọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìkòròdú ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn l'Ékòó lọ. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n tún fi 4 kún un ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Ìkòròdú kò sí nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ. Ọ̀kadà ṣì ni ẹsẹ̀ àwa ará ibí. Òun ló ń gbé ọmọ iléèwé, òun ló ń gbé ẹlẹ́ja láti Bàyékù, òun ló ń gbé ọlọ́jà lọ sí Ìgbógbó. Ọwọ́ tó ń yí tọ́rótù yẹn, ọwọ́ tó ń bọ́ ilé ni, mi ò sì lè gbọ́ pé ó ń ro ẹnì kan kí n sọ pé kó fara dà á.

Ọ̀dọ̀ àwa mẹkáníìkì ni wọ́n ń gbé ìrora náà wá. "Ọ̀gá, tọ́rótù yìí ti le jù. Ẹ bá mi gé síprìngì ẹ̀ díẹ̀ kó lè fúyẹ́." Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan nínú wa ń gé e. Wọ́n á tú orí kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kó tó wọ énjìnnì, wọ́n á fi píláyà já òrùka méjì tàbí mẹ́ta kúrò lára síprìngì, wọ́n á dá a padà, wọ́n á gbowó. Oníbàárà á yí i wò, á rí i pé ó fúyẹ́ lóòótọ́, á dúpẹ́, á sì gbé èrò méjì lé e. Kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n gé yẹn nìkan ló ń gbé iná énjìnnì òun wálẹ̀ nígbà tí ọwọ́ òun bá ṣí kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú kabúrétọ̀ ọ̀pọ̀ alùpùpù tí à ń gùn níbí, irin rọ́bótó kan wà tó ń lọ sókè sódò. Òun ni ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọ énjìnnì. Kébù tó ti ọwọ́ háńdù wá wọ orí kabúrétọ̀, ó gba àárín síprìngì kọjá, ó wá so mọ́ irin náà. Bí ẹ bá yí tọ́rótù, kébù á fa irin yẹn sókè, síprìngì á sún kì, énjìnnì á ké. Bí ẹ bá tú ọwọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Kébù kò lè ti irin náà padà sísàlẹ̀, torí wáyà rírọ̀ ni, fífà nìkan ló mọ̀. Síprìngì ló ń tì í wálẹ̀. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, àfi àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fún ní kébù méjì, ọ̀kan láti ṣí i, ìkejì láti pa á dé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké tó wà lójú títì wa kò ní ìkejì yẹn.

Iṣẹ́ síprìngì náà sì le ju bí ẹni tó jókòó lókè ṣe rò lọ. Ẹ fojú inú wo ìgbà tí ẹ ń sáré bọ̀ láti Àgbọwá, tí ewúrẹ́ dédé já sójú ọ̀nà, tí ẹ sì dá tọ́rótù padà lẹ́ẹ̀kan náà. Énjìnnì kò tíì mọ̀ pé ẹ ti dá a padà, ó ṣì ń yí kíkankíkan, ó ṣì ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìlẹ̀kùn sì ti ń padé mọ́ ọn. Fífà yẹn á gbé irin rọ́bótó náà lẹ̀ mọ́ ògiri kabúrétọ̀ ní ìhà énjìnnì. Síprìngì wá gbọ́dọ̀ wọ́ irin tó ti lẹ̀ mọ́ ògiri wálẹ̀, kó sì wọ́ ọ kíákíá. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi fún un lágbára tó ń ni wá lọ́wọ́ lára. Ìgbà tó bá le fún un jù gan-an ni ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Bí a bá gé síprìngì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tó gé e lérò, ìṣirò kékeré ló sì fi í hàn. Ká ní síprìngì kan gùn ní mílímítà 100 nígbà tó wà lórí tábìlì. Bí a bá dé e mọ́ inú kabúrétọ̀ tí tọ́rótù wà ní pípadé, ó di 60, ìyẹn ni pé ó ti sún kì ní 40. Bí tọ́rótù bá ṣí tán, ó di 40, ó ti sún kì ní 60. Ká kúkú pe agbára rẹ̀ ní 40 ní pípadé àti 60 ní ṣíṣí. Ní báyìí, ẹ gé ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ dànù. Gígùn rẹ̀ di 80. Ṣùgbọ́n síprìngì tí òrùka rẹ̀ dín kù máa ń le sí i, gbogbo mílímítà kan tí a bá fi sún un kì á gba ìlọ́po 1.25 agbára ti tẹ́lẹ̀. Ní ṣíṣí, sísúnkì rẹ̀ di 40, agbára di 50. Ní pípadé, sísúnkì rẹ̀ di 20, agbára di 25.

Ẹ wo ó dáadáa. Níbi tó ti ń ro ọwọ́, 60 di 50, ìrọ̀rùn kékeré nìyẹn. Níbi tó ti gbọ́dọ̀ pa ìlẹ̀kùn dé pátápátá, 40 di 25, ó ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹni tó gé síprìngì ti ra ìrọ̀rùn táṣẹ́rẹ́, ó sì fi bíbọ̀ wálé rẹ̀ san án.

Èyí kò tíì ka ẹnu tí píláyà já. Ẹnu síprìngì tó ti ilé iṣẹ́ wá tẹ́jú, ó jókòó dáadáa. Ẹnu tí a já mú bí abẹ́rẹ́, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa ti irin náà sí ẹ̀gbẹ́ dípò ìsàlẹ̀, á máa ha inú kabúrétọ̀, eruku irin tó bá bọ́ níbẹ̀ á sì lọ sínú énjìnnì. Àwọn tó ń fà á gùn kí ó lè le náà kò ṣe dáadáa. Á kọ́kọ́ le, á tún rọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa rọ̀.

Mo ti sọ pé mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa fara da ìrora. Alfa kan gbé ẹ̀rọ wọn wá láti Ìjẹ̀dẹ̀, ọrùn ọwọ́ wọn ti wú, wọ́n fi aṣọ wé e.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ gbà mí. Ẹ gé síprìngì yìí."

"Alfa, ẹ jókòó ná. Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ṣẹ̀ ká tó nà án."

Mo pa énjìnnì, mo tú orí kabúrétọ̀, mo yọ kébù kúrò lára irin rọ́bótó náà. Síprìngì wà lọ́wọ́ mi lọ́tọ̀, kébù ń rọ̀ lọ́tọ̀. Mo fi síprìngì lé Alfa lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sún kì láìsí wàhálà. Mo wá ní kí wọ́n yí tọ́rótù tí kò ní síprìngì kankan lẹ́nu mọ́. Kò fẹ́ yí. Nígbà tó yí, ó ń dún wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn. Mo da ọ́ìlì fẹ́lẹ́ sí ẹnu kébù lókè, ohun tó ń kán jáde nísàlẹ̀ pupa bí omi ìpẹtà, ẹrẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ìdí kébù náà, níbi tí orí kékeré rẹ̀ ti so mọ́ tọ́rótù, fọ́nrán méjì ti já, wọ́n gbọn síta. Bí ìkẹta àti ìkẹrin bá já, wọ́n lè há sínú ilé tọ́rótù, kí ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí síprìngì tó lágbára jù pàápàá má lè ṣe nǹkan kan. Alfa wò ó, wọ́n ní, "Sùbúhánálláhì." A fi kébù tuntun sí i. Síprìngì kan náà la dá padà. Wọ́n yí i, wọ́n yí i, wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mi ò gé e lóòótọ́.

Ní Ìkòròdú, kébù ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀rinrin wà nínú atẹ́gùn ọ̀sà, òjò ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé lókè, bí ọyẹ́ bá dé, eruku ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà á tún wọ ọ́. Wáyà á dóògùn-ún nínú ike, gbogbo agbára ọwọ́ á máa bá ìpẹtà jà. Ìpẹtà yìí sì ń jà lọ́nà méjì. Bó ṣe ń dí ọwọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, bẹ́ẹ̀ náà ló ń dí síprìngì lọ́wọ́ nígbà tó bá fẹ́ pa á dé. Ẹni tó bá gé síprìngì lórí kébù tó ti dóògùn-ún ti fún ọ̀tá lágbára, ó sì ti gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tó ń gbèjà rẹ̀.

Ọ́ìlì fẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò fún kébù. Gírísì nípọn, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì di amọ̀. Ọ́ìlì dúdú tí a tú kúrò nínú énjìnnì kò dáa rárá, eruku irin wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ kébù lókè, ẹ fi ọ̀rá kékeré wé ẹnu rẹ̀ kó dà bí àrọ, ẹ da ọ́ìlì sí i, kí ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Àwọn kébù kan ní ike yíyọ̀ nínú tí ilé iṣẹ́ wọn kò fẹ́ kí a da ọ́ìlì sí, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Bí fọ́nrán kan bá ti já, ẹ má ṣe ọ́ìlì kankan mọ́, tuntun ni kí ẹ rà.

Lẹ́yìn kébù, ẹ wo rọ́bà ọwọ́. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní, nítorí bó ṣe kéré tó. Bí rọ́bà bá ti sún wọnú jù tàbí tó ti jáde jù, etí rẹ̀ á máa ha ilé tọ́rótù tàbí irin ìparí háńdù. Ẹ sún un kí àyè tó fẹ̀ ju etí owó onírin lọ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ tú ilé tọ́rótù, ẹ nu erùpẹ̀ tó wà lára páìpù háńdù, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á. Ẹ tún tọ ipa kébù látòkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá ká gọ́ńgọ́, bí táǹkì bá tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó so fóònù mọ́ háńdù bá fi okùn dè é mọ́ra, ọwọ́ á wúwo. Àwọn tó pààrọ̀ háńdù sí èyí tó ga tí wọ́n sì fi kébù tó kúrú síbẹ̀, ewu tiwọn pọ̀ jù: bí wọ́n bá ya kọ́nà, kébù á fà, énjìnnì á dédé ké láìsí pé wọ́n fọwọ́ kàn án.

Ìdí nìyí tí tọ́rótù fi gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ tó lè yí lásán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa kébù. Ìwé àwọn ẹ̀rọ Honda sábà máa ń kọ mílímítà 2 sí 6, téèyàn bá wọ̀n ọ́n ní etí rọ́bà ọwọ́. Nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lára kébù la fi ń ṣe é: ẹ tú èyí tó dè é, ẹ yí èyí tó gùn, ẹ dè é padà. Ẹ má ṣe rò pé èyí kan síprìngì, kì í mú un le, kì í mú un rọ̀. Ibẹ̀ ni mo gbà kí ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì fọwọ́ kàn fúnra rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá mọ́ tí ọwọ́ ṣì ń dùn, ohun tó kù tí mo lè fọwọ́ sí kò pọ̀. Rọ́bà ọwọ́ tó tóbi díẹ̀ máa ń ràn yín lọ́wọ́, nítorí ọwọ́ á rí ibi fẹ̀ sí, agbára tó ń gbà á dín kù, kò sì fọwọ́ kan síprìngì rárá. Síprìngì tuntun tó jẹ́ ti kabúrétọ̀ yẹn gan-an náà dáa, bí ẹ bá fura pé ẹnì kan ti pààrọ̀ tiyín sí èyí tó le jù. Àwọn ẹ̀rọ kan wà níbòmíràn, bí àwọn BMW àtijọ́ kan tó ní kabúrétọ̀ ilé iṣẹ́ Bing méjì, tó jẹ́ pé ìdérí pẹlẹbẹ ni kébù ń ṣí nínú wọn dípò irin rọ́bótó, tí síprìngì tó ń pa á dé sì wà níta. Àwọn tó ń gùn wọ́n máa ń ra síprìngì tó fúyẹ́ tí wọ́n ṣe fún un, wọ́n á sì fi sí kabúrétọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀kan má baà pẹ́ ju èkejì lọ nígbà tó bá ń padé. Síprìngì tí a ṣe bẹ́ẹ̀ tí a sì dán wò yàtọ̀ sí èyí tí píláyà já. Kò sì tọ́ kéèyàn gbé ọgbọ́n yẹn wá sórí irin rọ́bótó tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Mo ti rí àwọn tó fi rọ́bà táyà so tọ́rótù mọ́ra kí ọwọ́ lè sinmi ní ojú ọ̀nà Ìtóìkín. Mo bẹ̀ yín, ẹ tú u lónìí. Òfin Amẹ́ríkà tó ń darí bí wọ́n ṣe ń to nǹkan sí háńdù alùpùpù, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 123, sọ pé tọ́rótù gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ sí sílò, ìyẹn ibi tí énjìnnì ti ń yí jẹ́ẹ́, bí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó ṣubú kò ní ọwọ́ tó máa fi tú rọ́bà.

Bí ẹ bá ti dá orí kabúrétọ̀ padà, àyẹ̀wò ṣe pàtàkì ju títú lọ. Irin rọ́bótó náà ní ibi tí wọ́n gé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló gbọ́dọ̀ kọjú sí, ó sì ní ojú ọ̀nà tóóró tó ń bá irin kékeré inú kabúrétọ̀ mu. Bí ẹ bá fi sí i lódìkejì, kò ní jókòó, énjìnnì á ké látìgbà tí ẹ bá ta á. Torí náà, kí ẹ tó ta á, ẹ yí tọ́rótù dé òpin, ẹ tú u sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà kíá, kí ẹ gbọ́ ìró irin náà nísàlẹ̀. Ẹ ṣe é pẹ̀lú háńdù níwájú gbọọrọ, ẹ yí i sósì pátápátá, ẹ tún ṣe é, ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ tún ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí sítáǹdì àárín, ẹ yọ jíà kúrò, ẹ ta énjìnnì. Nínú sílò, ẹ yí háńdù láti ìhà kan dé èkejì. Bí ohùn énjìnnì bá gòkè díẹ̀, kébù ń fà, ẹ má gùn ún. Ẹ wá fún un níná díẹ̀, ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ lójijì. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé síprìngì tó ń padà dáadáa nígbà tí énjìnnì bá kú lè má lè padà nígbà tí énjìnnì bá ń fa irin mọ́ ògiri. Ọmọ iṣẹ́ mi kankan kò gbọdọ̀ dá kọ́kọ́rọ́ oníbàárà padà kó tó ṣe é.

Bó bá wá há mọ́ yín lọ́wọ́ lójú títì, ẹ fa kíláàṣì. Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn, torí á yọ agbára énjìnnì kúrò lára táyà lójú ẹsẹ̀. Énjìnnì á máa ké gan-an, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń pa énjìnnì bí ẹ̀rọ yín bá ní in. Bí kò bá ní in, ẹ pa á pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ má yí i dé ibi tó ti ń ti háńdù pa. Ẹ lo bíréèkì méjèèjì, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn yẹn, ẹ má ṣe ta á mọ́, bó tilẹ̀ dà bíi pé tọ́rótù ti tú fúnra rẹ̀. Ẹ tì í lọ sí ìsọ̀ tó bá súnmọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n tú orí kabúrétọ̀ lójú yín, kí ẹ rí ìdí kébù, kí ẹ rí ẹnu síprìngì.